Nígbà tí Iṣan Ìmọ̀lára Bá Bàjẹ́ tí Ara Kò Sì Lágbára Mọ́: Ohun tó ń Fà á, Bí a Ṣe ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò àti Bí a Ṣe ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń rìn, tàbí tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìdí, sábà máa ń kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún òun. Á sinmi, á fi omi gbígbóná jó ibẹ̀, á ní kí wọ́n bá òun fọwọ́ ra á, á ra oògùn amárale, oṣù méjì tàbí mẹ́ta á sì ti kọjá kó tó dé iwájú dókítà. Nígbà yẹn, ẹran ara tí iṣan tó ń pàṣẹ fún un ti bàjẹ́ á ti máa gbẹ. Àkókò tó ń lọ lófo yìí ló jẹ́ kí n kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń ba iṣan jẹ́ ló ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ní gbèdéke: ti òmíràn jẹ́ wákàtí, ti òmíràn jẹ́ ọjọ́, ti òmíràn jẹ́ oṣù. Ohun tó yẹ kí ẹ máa béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ibi tí iṣan ti bàjẹ́ gan-an àti iye àkókò tó kù láti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fẹnu kò lé lórí ná. Àwa Yorùbá máa ń pe òpó ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, a máa ń pe okùn ìmọ̀lára ní iṣan, a sì máa ń pe ẹran tó ń fún ara lágbára ní iṣan pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè sọ pé “iṣan ló ń dà mí láàmú” tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò sì ní mọ èwo ni. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, iṣan ìmọ̀lára, tàbí iṣan lásán, ni okùn tó ń gbé àṣẹ láti orí wá sí ara tó sì ń gbé ìmọ̀lára padà sí orí. Ẹran ara ni mo ń pe èyí tó ń sún kì tó sì ń gbé eegun.

Àṣẹ pé kí ọwọ́ gbé nǹkan máa ń gbéra nínú ọpọlọ, á gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ibẹ̀ ni iṣan mìíràn á ti gbà á, tí yóò sì gbé e dé inú ẹran ara. Iṣan dà bíi wáyà iná: ó ní okùn inú, ó sì ní èèpo ọlọ́ràá tó bò ó, tó ń jẹ́ kí àṣẹ náà yára. Bó bá jẹ́ èèpo nìkan ló bàjẹ́, agbára lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́ta bí ohun tó fà á bá kúrò. Bó bá jẹ́ okùn inú ló já, gbogbo apá tó wà níwájú ibi tó ti já yóò kú, gẹ́gẹ́ bí Augustus Waller ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1850, iṣan náà yóò sì ní láti hù padà láti ibi tó já. Ó ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù. Ẹran ara tí iṣan kò dé mọ́ kò sì lè máa retí títí láé: láàárín oṣù 12 sí 18, ó ti gbẹ débi pé bí iṣan tilẹ̀ padà dé, agbára tí yóò mú wá kò ní tó nǹkan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Iṣan tó já nítòsí abíyá, tó ní sẹ̀ǹtímítà 60 láti hù kó tó dé ẹran àtẹ́lẹwọ́, yóò lo nǹkan bí oṣù 20, èyí tó já ní ọrùn-ọwọ́ kò sì ní lò ju oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìṣirò yìí ló fà á tí àwọn oníṣẹ́-abẹ kì í fi í fẹ́ kí a fi ìpalára apá òkè jáfara.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rí i dájú pé àìlágbára ni, kì í ṣe àárẹ̀

Ẹni tó rẹ̀ lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá fi tipátipá ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣan rẹ̀ bàjẹ́ kò lè gbé e bó ti wù kó gbìyànjú tó. Ẹ fi gìgísẹ̀ nìkan rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn ní mẹ́wàá, kí ẹni tó lè gbá yín mú sì wà nítòsí. Ẹ dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara yín. Ẹ na apá méjèèjì síwájú, kí ẹ dijú, kí ẹnì kan sì máa wò ó bóyá ọ̀kan ń rọra wálẹ̀. Ẹ ya ìka ọwọ́ yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹlòmíràn gbìyànjú láti tì wọ́n pọ̀. Ẹ máa fi ọ̀tún wé òsì, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì máa ń sọ òtítọ́ ju bí ara ṣe ń ṣe yín lọ.

Ẹ tún wo ẹran ara fúnra rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ bá wà nínú ọpọlọ tàbí nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà á máa le gan-an bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ẹran rẹ̀ kì í sì í tètè gbẹ. Bó bá jẹ́ iṣan tó ti jáde kúrò nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló bàjẹ́, ara máa ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ẹran á máa gbẹ, á sì máa fò pìpì lábẹ́ awọ. Kí ẹran tó ń fò nìkan má dẹ́rù bà yín o, nítorí ó ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn àìsùn. Ìgbà tí àìlágbára tàbí gbígbẹ bá bá a rìn ló tó di ohun tí a ń yẹ̀ wò. Àìlágbára tó ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, tí ìpéǹpéjú ń wálẹ̀, tí ènìyàn ń rí ohun kan ní méjì, tó sì ń dẹwọ́ lẹ́yìn ìsinmi, sábà máa ń wá láti ojú ibi tí iṣan ti pàdé ẹran ara. Myasthenia gravis ni wọ́n ń pe àrùn náà, ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ níhìn-ín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Bí ẹ̀gbẹ́ kan ara bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ láti inú ọpọlọ ni kí ẹ kà á sí. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ bá ti kọjá, nítorí náà ẹ rántí aago tí ó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú nìkan ló wọ́, ẹ ní kí ẹni náà ká iwájú orí rẹ̀: bí ìlà bá ṣì ń hàn ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti inú ọpọlọ, bí ẹ̀gbẹ́ náà bá dán láìsí ìlà, tí ojú kò sì lè pa dé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣan ojú ló bàjẹ́. Èyí pàápàá ń fẹ́ dókítà kíákíá, nítorí prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń dín wíwú kù, tí a bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72 máa ń ran iṣan ojú lọ́wọ́ púpọ̀. Kó tó di pé ó san, ẹ fi omi ojú àtọwọ́dá tu ẹyinjú náà lára, kí ẹ sì fi pẹ́lẹ́bẹ́ aṣọ mímọ́ bò ó lóru kó má baà gbẹ.

Àìlágbára tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ méjèèjì tó sì ń gùnkè láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù, ń tọ́ka sí àrùn Guillain-Barré, nínú èyí tí àwọn agbóguntàrùn inú ara ń kọlu iṣan ara fúnra wọn. Ẹni tí èyí ń ṣe kò gbọ́dọ̀ sùn sílé. Ó lè máa bá yín sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ kí ó má lè mí dáadáa mọ́ ní alẹ́. Bí kò bá lè ka oókan dé ogún lórí èémí kan, tàbí bí omi bá ń sá a lọ́fun, ọ̀ràn náà ti di kánjúkánjú.

Ìrora ẹ̀yìn tó bá àìlágbára ẹsẹ̀ rìn, tí ojú ara àti ìdí kú tipiri, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń dà láìmọ̀, túmọ̀ sí pé nǹkan ń fún ìdìpọ̀ iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn pa. Iṣẹ́-abẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló lè gba ìtọ̀ àti ìrìn ẹni náà là. Bákan náà ni ẹsẹ̀ tàbí apá tó fọ́, tó wú, tó le bí òkúta, tí ìrora rẹ̀ sì ju ohun tí ojú rí lọ: kí wọ́n tú ohunkóhun tí wọ́n fi dì í, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ ṣàdédé rọ jọ̀wọ̀lọ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún elétò ìlera, bí àwọn òbí tilẹ̀ rò pé àwọn mọ ohun tó fà á. Wọ́n ní láti gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14, kí ó kéré tán wákàtí 24 wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to ìtàn àìlera náà jọ

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń tàn, gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwé kékeré yìí wúlò fún dókítà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ, nítorí bí àìlágbára ṣe pín sí ara ló ń tọ́ka sí ohun tó fà á.

Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ wá ibi tí iṣan ti fún tàbí ti farapa. Ọwọ́ tó já wálẹ̀ ní ọrùn-ọwọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn sùn lé apá rẹ̀ lórí ẹ̀yìn àga jẹ́ ti iṣan tó yí eegun apá òkè ká, èèpo rẹ̀ ló sì sábà máa ń bàjẹ́, nítorí náà ó máa ń san. Àtàǹpàkò tí kò lágbára, pẹ̀lú ìka mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń jí ènìyàn lóru bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn, jẹ́ ti iṣan tó gba ọrùn-ọwọ́ kọjá. Ìka kékeré tó kú pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú jẹ́ ti èyí tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá. Iwájú ẹsẹ̀ tí kò gbé jẹ́ ti iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún, tí fífi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tàbí ìdè tó fún jù lè pa lára, ó sì lè jẹ́ ti kèrékèré àárín eegun ẹ̀yìn tó yọ tó sì ń tẹ gbòǹgbò iṣan.

Ó máa ń dùn mí dọ́kàn láti sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìdí, nítorí ìpalára tí a lè dènà ni. Iṣan tó tóbi jù lọ nínú ara gba inú ìdí kọjá. Abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sí i nínú, tàbí oògùn tó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lè sọ ẹsẹ̀ ọmọ di aláìlágbára lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ itan, ní apá ìta, ni kò léwu jù fún ọmọdé. Òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n gún un síbẹ̀, kó sì béèrè bóyá oògùn tí ọmọ lè gbé mì kò lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń kú tipiri tàbí tó ń ta bí iná, tó sì ń gùnkè díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù sí ọdún kó tó dé ọwọ́, ohun tó ń ṣe gbogbo ara ni kí ẹ wá. Àtọ̀gbẹ ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ọtí àmujù sì tẹ̀ lé e. Àìtó fítámìn B12 ń ṣe ẹni tí kì í jẹ ohun tó wá láti ara ẹran rárá, ẹni tí wọ́n gé ikùn rẹ̀ kúrú, àti ẹni tó ti ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àrùn kíndìnrín, kòkòrò HIV, àti òjé tó wọ ara wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oògùn kan náà máa ń ṣe é: isoniazid tí a fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń tán fítámìn B6 lára, vincristine tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ sì máa ń ba iṣan jẹ́ tààrà. Ṣùgbọ́n fítámìn B6 tó pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ń ba iṣan jẹ́ bákan náà, nítorí náà kí ẹni kẹ́ni má ṣe máa ra á lò fúnra rẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po pẹ̀lú èrò pé fítámìn kì í pani lára.

Àbàwọ́n ara tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti awọ yòókù lọ, tí kò mọ ìrora, pẹ̀lú iṣan tó nípọn lábẹ́ awọ ìgúnpá tàbí ọrùn, jẹ́ àmì ẹ̀tẹ̀. Àrùn tó ṣeé wò sàn pátápátá ni, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀ tó yẹ kó mú ènìyàn fi iṣan rẹ̀ ṣòfò. Bí ìrísí ẹsẹ̀ bá sì jọra nínú ẹbí, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ga, ojúgun tó tín-ín-rín, ẹ sọ fún dókítà, nítorí àrùn iṣan tí wọ́n ń pè ní Charcot-Marie-Tooth máa ń tinú ẹ̀jẹ̀ wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí ẹ ó bá ní ilé ìwòsàn

Dókítà yóò fi ọwọ́ dán agbára ẹran ara kọ̀ọ̀kan wò, yóò sì fún un ní òǹkà láti 0 dé 5. 0 ni pé kò sí ohun tó mì rárá. 1, ẹran náà sún kì ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan. 2, ó lè lọ bí a bá gbé e lélẹ̀ pẹrẹsẹ. 3, ó lè gbé ara rẹ̀ sókè ṣùgbọ́n kò lè kojú ìtẹ̀. 4, ó lè kojú ìtẹ̀ díẹ̀. 5, ó pé. Ẹ béèrè òǹkà yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ni ẹ ó fi mọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bóyá ẹ ń lọ síwájú. Yóò tún fi òòlù kékeré gbá orúnkún àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀: ẹsẹ̀ tó fò ju bó ti yẹ lọ ń tọ́ka sí ọpọlọ tàbí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí kò fò rárá ń tọ́ka sí iṣan.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó yẹ fún iṣan gbogbo ara ni ti ṣúgà, ti fítámìn B12, ti kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, ti ẹṣẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, àti ti HIV. HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, tó bá pé 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ túmọ̀ sí àtọ̀gbẹ. Fún Guillain-Barré, wọ́n lè fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Purotéènì inú rẹ̀ máa ń ga nígbà tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè ṣì dára.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù fún iṣan ni èyí tí wọ́n fi ń wọn bí iná mànàmáná kékeré ṣe ń rìn nínú rẹ̀, pẹ̀lú EMG, nínú èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tẹ́tí sí ẹran ara. Ó máa ń ta ènìyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò léwu. Òun ló ń sọ bóyá èèpo ni tàbí okùn inú, àti ibi tó ti bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó ní àsìkò tirẹ̀: lẹ́yìn ìpalára, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbà kí àmì okùn tó já tó hàn kedere nínú ẹran ara. Ẹni tó bá ṣe é lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sì sọ fún un pé kò sí nǹkan lè ní láti padà wá ṣe é. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, máa ń fi kèrékèré tó yọ tàbí kókó tó ń tẹ iṣan hàn, ẹ̀rọ ìwòran olóhùn sì lè fi iṣan tó já tàbí tó wú hàn ní apá àti ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìtọ́jú ohun tó fà á

Iṣan tí nǹkan fún ń fẹ́ kí a yọ ohun tó ń fún un kúrò. Fún ti ọrùn-ọwọ́, ohun ìdè tó mú ọwọ́ dúró gbọọrọ lóru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, lè tó bó bá ṣì kéré. Bí ẹran àtàǹpàkò bá ti ń gbẹ, iṣẹ́-abẹ kékeré ló kàn.

Iṣan tó farapa yàtọ̀ síra. Ní 1943, Herbert Seddon pín ìpalára náà sí mẹ́ta: èyí tí okùn inú rẹ̀ kò já, èyí tí okùn inú já ṣùgbọ́n tí àpò rẹ̀ ṣì wà, àti èyí tí gbogbo rẹ̀ já pátápátá. Èyí tó já pátápátá kò lè rí ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ tàbí gíláàsì ló gé e ṣákálá, ó dára kí wọ́n rán an láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá fọ́ jánkánjànkàn, oníṣẹ́-abẹ lè dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó lè rí ibi tí iṣan ti dára. Bí kò bá sí ojú ọgbẹ́ rárá, wọ́n máa ń ṣọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bí kò bá sì sí àmì pé ó ń hù, wọ́n á wọ inú rẹ̀. Wọ́n lè fi iṣan tín-ín-rín tí wọ́n mú láti ẹ̀yìn ojúgun dí àlàfo, tàbí kí wọ́n darí ẹ̀ka iṣan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sínú ẹran tó ti di aláìníṣan. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín sọ ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta yẹn pé, kí ẹ má jẹ́ kí ó di oṣù mẹ́sàn-án nítorí pé ẹnì kan ní kí ẹ máa wò ó ná.

Fún Guillain-Barré, ìtọ́jú méjì ló ń ṣiṣẹ́: kí wọ́n fa immunoglobulin, èròjà agbóguntàrùn tí a mú láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, sí ara, gíráàmù 0.4 fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Kò pọn dandan kí a ṣe méjèèjì papọ̀, sítẹ́rọ́ìdì kò sì ràn án lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń padà rìn, ṣùgbọ́n ó lè gbà oṣù púpọ̀. Èyí tó bá ń burú sí i kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti di irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní CIDP, sítẹ́rọ́ìdì sì máa ń ṣiṣẹ́ fún èyí.

Ìṣàkóso ṣúgà ni ìtọ́jú iṣan alátọ̀gbẹ. Ó máa ń dá ìbàjẹ́ dúró ju kó dá agbára padà lọ, nítorí náà kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù ló ṣe kókó. Fún àìtó B12, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bí iṣan bá ti bàjẹ́. Kí wọ́n má ṣe fi folic acid nìkan tọ́jú ẹni tí B12 rẹ̀ kò tó: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dára lójú àyẹ̀wò nígbà tí iṣan rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀ yóò lo àpapọ̀ oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí láti 1981. Bí iṣan bá wú tàbí tí agbára dín kù nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, prednisolone yóò bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí ẹ máa tọ́jú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bí iṣan ṣe ń hù

Iṣẹ́ yìí ni mo rò pé a kì í sábà kà sí, òun sì ni ẹbí lè ṣe jù lọ. Oríkèé tí a kò lò máa ń gan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bó bá sì gan, agbára tó padà kò ní rí ohun tí yóò gbé. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ rọra gbé oríkèé kọ̀ọ̀kan lọ dé ibi tó lè dé, nígbà mẹ́wàá, láìfà á pẹ̀lú agbára. Ẹsẹ̀ tí kò gbé ń fẹ́ ìdè oníke tó ti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojúgun kí ẹni náà má baà kọsẹ̀. Ọwọ́ tó já wálẹ̀ ń fẹ́ èyí tó gbé ọrùn-ọwọ́ sókè.

Ẹran tó wà ní òǹkà 0 tàbí 1 kò ṣe é fi ẹrù lé. Ní òǹkà 2, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì tàbí nínú omi, níbi tí ara ti fúyẹ́. Láti 3 lọ sókè ni ẹ tó lè máa fi ìtẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Bí àìlágbára bá pọ̀ sí i ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, kí ẹ dín in kù. Oníṣẹ́ físíò ló yẹ kó ṣètò rẹ̀, kí ẹbí sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara tó kú tipiri kò lè kìlọ̀ fún olówó ara. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi ìgúnpá tó ṣì mọ ooru dán omi wò, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, kí a máa yí i ní wákàtí méjì méjì. Fún ìrora tó ń ta bí iná, oògùn ìrora lásán kì í sábà ràn án. Amitriptyline, gabapentin, pregabalin tàbí duloxetine ni dókítà máa ń yàn nínú wọn.

Bí oṣù 18 bá kọjá tí ẹran kan kò dáhùn, ọ̀nà kò tíì dí. Oníṣẹ́-abẹ lè já okùn ẹran tó ṣì lágbára kúrò níbi tó wà, kí ó so ó mọ́ ibi tí iṣẹ́ ti ṣófo, kí ọwọ́ lè tún na tàbí kí ẹsẹ̀ lè tún gbé. Oríkèé tó ṣì rọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Ní oṣooṣù, lọ́jọ́ kan náà, ẹ fi orí ìka gbá ojú ọ̀nà iṣan náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Ibi tí ó bá ti ta wínníwínní lọ sí iwájú ni orí iṣan tó ń hù dé. Paul Hoffmann àti Jules Tinel ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1915. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ojú àpá, kí ẹ kọ òǹkà náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń sún síwájú, ẹ máa bá ìdárayá lọ. Bí ó bá dúró sí ojú kan fún oṣù méjì, ẹ mú ìwé náà lọ fún oníṣẹ́-abẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.